Mọ́tò Tó Ń Pọn Ènìyàn

Kí gbogbo ayé gbọ́, kí àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú sì fi kún ìwé wọn: Àbdùlgàfár ọmọ Ìgbòho, tó ń ta àgádágodo ní ọjà Adjamé Roxy, kì í mu tíì àárọ̀ níbòmíràn bí kò ṣe nínú mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò á dúró sójú kan níwájú ilé wọn ní Anoumabo. Ẹ́ńjìnnì á wà ní pípa. Òun á jókòó sídìí ọkọ̀, á fa ìgbànú mọ́tò, èyí tí gbogbo Abidjan ń pè ní sẹ̀ntúù, kọjá láyà, á kì í bọ ihò rẹ̀ títí yóò fi dún "kápú". Ìgbà náà ni yóò tó na ọwọ́ láti ojú fèrèsé gba ife lọ́wọ́ Àlàkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Bí tíì bá tán, á tú sẹ̀ntúù, á sọ̀ kalẹ̀, á lọ wẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí àárọ̀ kan tí tíì ṣe é léṣe.

Volvo ni mọ́tò náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 240. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àgbò Iléyá méjì lè dùbúlẹ̀ níbẹ̀ láìbára wọn jà. Ọdún 1999 ló rà á lọ́wọ́ Mádáàmù Georgette, òyìnbó opó kan ní àdúgbò Biétry. Ọ̀rọ̀ àgádágodo ló gbé e débẹ̀ o. Ó lọ pààrọ̀ ti ẹnu géètì fún un ni, ó bá rí mọ́tò lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì gbọ́ pé ìyá náà ń kó ẹrù padà sí ìlú rẹ̀.

Mádáàmù kò bá a jiyàn lórí owó. Sẹ̀ntúù ló bá a jiyàn lé lórí.

"Ṣé ẹ ó máa so ó?"

"Màá máa so ó."

"Ní gbogbo ìgbà?"

Àbdùlgàfár wò ó bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá náà ní lójú ọ̀nà Bassam, tírélà kan ti ọkọ òun wọ inú igi àgbọn, nínú Volvo tó ṣáájú èyí. Iwájú mọ́tò ká kò bí ìwé, àmọ́ ọkọ òun jáde, ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀, ó sì béèrè fìlà rẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ló tó kú, lórí ibùsùn. Ibùsùn ò ní sẹ̀ntúù.

Ìgbà náà ló wá sọ ìtàn mọ́tò náà fún un. Ó ní àwọn ará Sweden, ilẹ̀ tí omi ti ń di òkúta, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1927, pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ túmọ̀ sí "mò ń yí" ní èdè Látìn. Ó ní ní 1959, onímọ̀ ẹ̀rọ kan níbẹ̀ ṣe sẹ̀ntúù tó di àyà mú tó tún di ìbàdí mú, ilé iṣẹ́ náà sì sọ fún gbogbo àwọn tó ń ṣe mọ́tò láyé pé kí wọ́n wá lò ó, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àbdùlgàfár ní kó tún ibẹ̀ sọ.

"Wọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́."

"Àwọn tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà?"

"Àwọn náà."

Ní Roxy, bí o bá ń ta aago, aládùúgbò rẹ tó ń ta aago kò ní sọ iye tí aago lù fún ọ. Láti ọjọ́ náà ló ti gba sẹ̀ntúù gbọ́ bí ẹni gba wàásù.

Nígbà tó wa mọ́tò náà dé Roxy, gbogbo ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Alájì. Kò tíì dé Mẹ́kà. Biétry ló dé. Ṣùgbọ́n ó dáhùn, nítorí a kì í jiyàn oyè lórí ìjókòó Volvo.

Alájì wá ní òfin kan. Bí o bá wọ mọ́tò rẹ̀, kò ní ṣáná sí i títí o ó fi so sẹ̀ntúù. Òfin náà kò burú, ẹnu tó fi ń kà á ló burú. Kì í sọ pé "ẹ so ó", kì í sọ pé "ẹ gbà á mọ́dìí". Ohun tó máa ń sọ ni pé: "Ẹ de ara yín!" Bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ là ń dè. Ẹlẹ́wọ̀n là ń dè. Lassissi, Nàgó ará Pọ́bẹ̀ nílẹ̀ Benin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan ti Alájì, tó sì ń bá a wọkọ̀ lójoojúmọ́, máa ń so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú rẹ̀.

"Alájì, kúkú de ọwọ́ náà mọ́ ọn. Ọjà wo lò ń mú mi lọ?"

"De ara rẹ, Lassissi."

"Ṣé o ti rí ẹni tó máa rà mí?"

"Ta ló máa ra aláròyé? De ara rẹ ká máa lọ."

Wọ́n á wá gbéra pẹ̀lú eré ogójì kìlómítà ní wákàtí. Alájì kì í kọjá ogójì. Àwọn tó ń ti ọmọlanke ti yà á sílẹ̀ rí ní Adjamé, wọ́n sì kí i bí wọ́n ti ń kọjá.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni àwọn nǹkan kéékèèké: ọwọ́ ilẹ̀kùn, ohun tí wọ́n fi ń yí gíláàsì sókè, rọ́bà ìdí fèrèsé. Kì í ṣe ẹ̀bi mọ́tò. Ọjọ́ orí ni, àti afẹ́fẹ́ iyọ̀ tó ń ti ojú ọ̀sà wá. Hamidou mẹkáníìkì sọ fún un láìmọye ìgbà: "Alájì, ti Toyota ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ yẹn bí ọsàn. Tìrẹ, àfi ká retí ọkọ̀ ojú omi." Alájì á retí ọkọ̀ ojú omi. Ó retí ọwọ́ ilẹ̀kùn kan fún oṣù méje, ojú fèrèsé ló sì ń gbà wọlé ní gbogbo oṣù náà, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn.

Ọdún kọkànlá tí òun àti Àlàkẹ́ ti fẹ́ra ni oyún dúró. Méjì ti wá ṣáájú, wọn kò sì dúró. Èyí wọ oṣù kẹrin, ó wọ ìkarùn-ún, Àlàkẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ fi ara han àwọn agbẹ̀bí, ó jókòó síwájú Volvo, Alájì sì sọ èyí tó máa ń sọ.

"De ara rẹ."

"Dè kí ni?" Àlàkẹ́ fi ọwọ́ bo ikùn. "Alájì, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ yẹn? Ẹ fẹ́ de oyún?"

"Sẹ̀ntúù ni."

"Ẹ ò rí i pé àgádágodo lẹ̀ ń tà? Àwọn obìnrin agboolé ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí. Ọkọ tó ń ta ohun tí wọ́n fi ń ti nǹkan pa, ó tún fẹ́ dè mí ní ikùn. Oyún tí wọ́n bá dè kì í sọ̀, Alájì. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ wọ wọ́rọ́-wọ́rọ́, takisí tí èèyàn mẹ́rin ń pín wọ̀, tí sẹ̀ntúù kankan kò sí nínú rẹ̀.

Kí ni Alájì ṣe? Ó de ara tirẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà tí Àlàkẹ́ bá lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, Volvo á wà lẹ́yìn takisí, fèrè á máa ké bí awakọ̀ bá ti sáré. Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan dúró láàárín títì, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Le vieux, c'est comment? Bàbá, kí ló dé? Ta lò ń lé? Èmi ni àbí obìnrin yìí?"

"Kì í ṣe ìwọ," Alájì dá a lóhùn. "Ikùn rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé. Ogójì ni kó o máa sá."

Awakọ̀ wo ikùn, ó wo bàbá tó so ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó bí ẹrù, ó padà sídìí ọkọ̀. Ogójì ló sá dé ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn yòókù tó wà nínú takisí bú u títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí di ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2007. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá àárọ̀, Anoumabo ti di ọ̀sà kékeré, gbogbo wọ́rọ́-wọ́rọ́ sì ti wá ibi gíga lọ. Aago mẹ́wàá náà ni ọmọ yàn láti dé.

Volvo nìkan ló kù. Alájì gbé Àlàkẹ́ síwájú, ó gbé báàgì ẹrù ọmọ sẹ́yìn, ó jókòó, ó so sẹ̀ntúù tirẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Kò ṣáná. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"De ara rẹ."

"Mi ò dè."

"Àlàkẹ́."

"Alájì."

Òjò ń lu orí mọ́tò.

"Mọ́tò yìí ò gbé ẹni tí kò dè rí."

"Oyún yìí náà, ẹnì kan kò dè é rí. Ẹ wa mọ́tò!"

Ẹni tó bá rí wọn níta á ní agídí ni. Kì í ṣe agídí. Ẹ̀rù ni. Obìnrin ń rí ọmọ kẹta tí kò ní sọ̀, ọkùnrin ń rí igi àgbọn ojú ọ̀nà Bassam. Ẹ̀rù méjì jókòó síwájú mọ́tò kan, wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn.

Ìrora gbé Àlàkẹ́, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì figbe ta: "Àbdùlgàfár!"

Obìnrin Ìgbòho kì í pe orúkọ ọkọ. Ọdún mọ́kànlá, Àlàkẹ́ kò pè é rí. Nígbà tí Alájì gbọ́ orúkọ náà lódindi, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rò pé ó dé láti ọ̀run, nítorí òun ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ kó gùn ún lẹ́yìn lọ sóko. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń kan kókósẹ̀ ìyá, tí ojúgbà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni wá ìyá náà. Báàgì ẹrù ọmọ ló rí, etí aṣọ òfì tuntun kan sì yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Àlàkẹ́, kí lo rà yìí?"

"Ṣé ìyẹn ló kàn? Ọ̀já ni!"

"Ṣé wàá fi de ọmọ ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Pípọ̀n ni màá fi pọ̀n ọ́n."

"Kó má baà já bọ́."

"Kó má baà já bọ́. Alájì, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ohun tí mọ́tò yìí náà fẹ́ ṣe nìyẹn," ni Alájì wí. "Ẹnu mi ni kò mọ ọ̀rọ̀ sọ láti ọdún mẹ́jọ. Kò fẹ́ dè ọ́, Àlàkẹ́. Ó fẹ́ pọ̀n ọ́ ni."

Àlàkẹ́ mí. Ó tún mí.

"Ẹ jẹ́ kó pọ̀n mí," ó ní. "Àmọ́ kó má fọwọ́ kan ikùn mi."

Alájì fa sẹ̀ntúù náà, ó gba apá kan sísàlẹ̀ ikùn, lórí egungun ìbàdí, ó gba ìyókù láàárín ọmú méjèèjì. Bí àwòrán ṣe fi í hàn nínú ìwé mọ́tò nìyẹn, ìwé tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, tó sì ti mọ gbogbo àwòrán rẹ̀ lórí. "Kápú." Ó ṣáná.

Wọ́n ti ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí nígbà tí ọmọlanke tó kún fún àpò gbágùúdá yọ̀ nínú omi, tó sì dábùú títì. Alájì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Báàgì ẹrù ọmọ fò láti ẹ̀yìn, agolo mílíìkì inú rẹ̀ gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, ó lọ fọ́ gíláàsì iwájú. Àlàkẹ́ kò fò lọ síbì kankan. Ó wo agolo náà níbi tó gbé dùbúlẹ̀. Ó wo gíláàsì tó sán. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ rọra pa sẹ̀ntúù tó wà láyà rẹ̀, bí ẹni pa ẹ̀yìn ìyá.

"Ó pọ̀n mí dáadáa," ó ní.

Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, Solange agbẹ̀bí ti jáde wá sọ pé obìnrin ni, pé ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Fàwàsíyà ni wọ́n sọ ọ́. Alájì jókòó sínú mọ́tò níta láti sunkún, ó sì kọ́kọ́ so sẹ̀ntúù.

Láti ọjọ́ náà, Àlàkẹ́ gba òfin lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì le jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ẹ de ara yín" mọ́. "Ẹ jẹ́ kó pọ̀n yín" ni gbogbo èrò Volvo ń gbọ́, títí kan àwọn ìyá arúgbó tó ń bọ̀ láti Ìgbòho, tí wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á fi ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí Fàwàsíyà fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò ní jẹun lórí àga àfi bí wọ́n bá fi ọ̀já so ó mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí ìbọn ogun tó tẹ̀lé ìdìbò dákẹ́ ní 2011, tí Roxy tún ṣí, Lassissi wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó so sẹ̀ntúù láìjanpata. Nígbà tí wọ́n kọjá afárá, ó bi í:

"Alájì, ẹni tó bá pọnmọ, àyà ta ni ọ̀já máa ń gbà?"

"Àyà ẹni tó pọnmọ ni. Ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ máa wà."

Lassissi wo sẹ̀ntúù tó gba àyà rẹ̀ kọjá. Ó yíjú, ó wo ìjókòó mọ́tò tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Alájì rọra yà sọ́dọ̀ Hamidou, ìgbà kẹta lọ́sẹ̀ náà, láti lọ béèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi ti dé pẹ̀lú rọ́bà fèrèsé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mu tíì rẹ̀ níbi tó ti máa ń mu ún, pẹ̀lú sẹ̀ntúù láyà, nínú mọ́tò tí kò lọ síbì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti pọnmọ rí ni kí ẹ bá wa dá a: láti ọdún 1999, láàárín Alájì àti Volvo yìí, ta ló pọn ta?