Àwo Orin Àbúrò Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, giramafóònù kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa ní Adó. Akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Kò jẹ́ fọwọ́ kàn án láìwọ kóòtù, ì báà jẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, bí orin òyìnbó bá sì ń lọ, a máa mi orí bí ẹni pé ó yé e. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Iwájú ẹ̀rọ yẹn ni ọ̀rọ̀ ilé wa ti dàrú.

Àbúrò bàbá mi ló kú sí Èkó. Orin ló bá lọ síbẹ̀. Ibà pa á, wọ́n sì sin ín sọ́hùn-ún kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láyé ìgbà náà, bí ẹnì kan bá kú sí ọ̀nà jíjìn, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wálé láti sin. Kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan wá fún wa. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ní òun ò rí òkú, òun ò rí irun, nítorí náà ọmọ òun ń bọ̀. Alaalẹ́ ló ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀.

Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ, a sì máa wàásù pé àṣà kèfèrí ni ọ̀rọ̀ irun àti èékánná. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ ẹrù kan sọ pé òun gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ nínú àwo orin, ó ní kí a wá àwo náà, kí a sin ín dípò òkú, kí ọkàn ìyá òun lè balẹ̀. A ó kọ orin ìjọ lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe ìrìbọmi fún àṣà kèfèrí.

Ó wá a títí. Ẹni tó bi ní Adó ní ó wà ní Ìkéré. Ará Ìkéré ní wọ́n ti gbé e lọ sí Ìgbẹmọ. Èmi àti ẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé Ìgbẹmọ, a sì bá a lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó kan tí kò ní giramafóònù rárá. Ara ògiri ló gbé e kọ́, kí àlejò lè mọ̀ pé ọ̀làjú ti wọlé. Fìlà orí bàbá mi ló gbà kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé wọ kóòtù, ó fi àwo sórí ẹ̀rọ kí gbogbo ẹbí lè jẹ́rìí sí ohùn náà. Òun ni lóòótọ́. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín láàárín orin bó ṣe máa ń ṣe nílé. Ìyá àgbà fò dìde.

“Ọmọ mi, ìwọ rèé! Ṣé o ti jẹun?”

Orin ń lọ. Ìyá àgbà yíjú sí wa.

“Ṣé òkú a máa rẹ́rìn-ín?”

“Ìyá, àwo lásán ni,” ni bàbá mi wí.

“Bó bá jẹ́ àwo lásán, kí lẹ fẹ́ sin?”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyá àgbà lọ sódò, bàbá mi sin àwo náà sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà dé, ó rí erùpẹ̀ tuntun. Kò sunkún.

“Ẹ sin ọmọ mi láàyè ní ulé bàbá rẹ̀.”

Kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ayé ti yí lónìí. Òkú ń kọrin fún wa lórí rédíò láàárọ̀, a ń fi mu ẹ̀kọ. Láìpẹ́ yìí, àwọn kan wá láti yunifásítì, wọ́n ní àwo náà ṣọ̀wọ́n gan-an. Wọ́n bi mí ní ọdún tí wọ́n ṣe é, wọ́n bi mí ní irú ìlù tó wà nínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìnkùlé hàn wọ́n. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, àfọ́kù ni wọ́n bá, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lọ. Nígbà kan rí, ìyá kan ṣoṣo ló fẹ́ máa gbọ́ ohùn yẹn, a kò gbà fún un. Nísinsìnyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá a kiri, kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni.