Ọjọ́ tí Okùn Ajá Kàn Mí

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Sùúrùlérè, ajá méjì ló wà nílé wa, Bíngò àti Táígà. Àbúrò mi, Dúpẹ́, ló máa ń bá Bàbá wa fà wọ́n rìn káàkiri àdúgbò láràárọ̀. Èmi ni àkọ́bí, nítorí náà ilẹ̀ gbígbá ló kàn mí, àti omi pípọn, àti abọ́ fífọ̀. Bí wọ́n bá ń bọ̀, màá ti gbọ́ ẹ̀rín Dúpẹ́ láti ẹnu géètì, òróró àkàrà á sì máa dán lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà ni Bàbá, ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀ nílé, kíláàsì ni wọ́n ti ń sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, ìtàn ni ṣáá, Dúpẹ́ nìkan ló sì ń gbọ́ ọ. Mo jowú ọmọ yẹn débi pé n kì í fẹ́ fọwọ́ kan àkàrà tó bá mú bọ̀ fún mi. Mo máa ń jẹ ẹ́ ṣá o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ wínníwínní, ikọ́ sì dá Dúpẹ́ dùbúlẹ̀. Bàbá na okùn ajá méjèèjì sí mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí wọ bàtà. A gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba gbogbo afẹ́fẹ́, omi tútù ń ṣàn lórí ẹsẹ̀ mi. Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí mọ́tò ṣe já wọn sílẹ̀ ní Jíbówú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé Èkó. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá àgbà kan ládùúgbò, Màmá Fọlá, yọ sí wa.

Wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í kí àgbà tòun ti nǹkan lọ́wọ́. Mo ju okùn sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Kí màmá tó dáhùn, àwọn ajá ti sá lọ.

"Dúpẹ́ kì í ju okùn sílẹ̀," Bàbá sọ. "Ó máa ń wé e mọ́ ọwọ́ ni, á wá rọra kúnlẹ̀."

Wọn ò bínú. Wọn ì bá kúkú bínú. Màmá Fọlá ń yìn mí pé mo lẹ́kọ̀ọ́, ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Nígbà tí a délé, ẹnu ọ̀nà yàrá Dúpẹ́ ni a bá àwọn ajá, wọ́n ń jùrù. Bàbá wọlé lọ wo bí ara Dúpẹ́ ṣe rí, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń parí ìtàn Jíbówú fún un. Mo lọ mú ọwọ̀, mo lọ gbá pálọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀bà tó ṣẹ́kù ni ajá ń jẹ. Lónìí, mo ń rí ajá tó wọ aṣọ òjò, tí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ń fà á rìn. Àwa ò ní ajá mọ́. Bàbá ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ní Yábàá ni wọ́n ń gbé. Èmi ni mò ń mú wọn rìn láàárọ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi bí fóònù bá dún tí Dúpẹ́ pè láti Kánádà. Wọ́n á dúró lẹ́bàá títì, bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á gbé fóònù sókè kó lè rí i, ìtàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ti wọ yunifásítì, síbẹ̀ owú yẹn ò tíì kúrò nínú mi. Màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá máa gbọ́ ìtàn tí wọn ò sọ fún mi, òjò á sì máa pa èmi, torí orí Bàbá ni mo gbé agboòrùn sí.