Aṣọ Iṣẹ́ Tó Pa Àǹtí Mi

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ foríjì mí. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà ní yunifásítì. Ta ni mí tí n ó máa bá àgbà wí? Ṣùgbọ́n a sin àǹtí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì purọ́ lójú sàréè rẹ̀. N kò lè gbé e mì.

Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Má-fomi-ṣòfò ni àdúgbò ń pè é. Aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń yọ́ òjé láti inú bátìrì mọ́tò tó ti kú ló ń fọ̀, torí ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ láti kọ́ ibi ìfọṣọ sínú ọgbà wọn. Á kọ́kọ́ gbọn eruku aṣọ náà mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, á fọ̀ ọ́, á wá da omi rẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́.

"Àǹtí, omi yìí mà dúdú o!"

"Akọ̀wé, ṣé ilẹ̀ tí mo ń dà á sí ló funfun?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ekòló ló kọ́kọ́ lọ. Gbẹ́ ilẹ̀ yẹn bó o ṣe fẹ́, o ò ní rí ẹyọ kan. Òòyì wá ń kọ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń mu omi gọ́tà, wọ́n ń ṣubú. Igi ọsàn tó dojú kọ èéfín ilé-iṣẹ́ náà wọ́wé, oyin ò sì yà síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn wọn ló kan àǹtí mi. Ọwọ́ tó ń fún aṣọ tó nípọn títí á fi gbẹ ò lè de bọ́tìnì ara rẹ̀ mọ́.

Dókítà ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ ogbó ló pa á, ohun tí wọ́n sì sọ lójú sàréè nìyẹn. Ogbó wo? Ṣé pẹ́pẹ́yẹ náà gbó ni? Àbí ekòló ló darúgbó?

Olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó: ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́, ìbàjẹ́ omi, ìbàjẹ́ ilẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń dà á kọ; ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé sí ni èmi ń rò. Bóyá ẹ̀kọ́ náà ò tíì yé mi. Ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Lójú sàréè, máníjà fi áńkáṣíìfù nu ojú tó gbẹ. "Ìyá yìí ló ń mú wa mọ́ tónítóní," ó ní. Òótọ́ kúkú ni. Ilé-iṣẹ́ mọ́, àǹtí mi ló ń bá wọn gbé ìdọ̀tí lọ sílé.

Lánàá, wọ́n gbé àpò aṣọ náà wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá mi ló kàn.

"Màámi, ẹ má fọ̀ ọ́."

"Bàbá ẹ ń dáná òjé fún wọn. Tí mo bá kọ̀, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló mọ̀ pé májèlé wà nínú eruku yẹn, tó dákẹ́? Kí onítọ̀hún jẹ́jọ́. Kí wọ́n kó ilẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́ kúrò, kí wọ́n sì máa fọ aṣọ wọn nínú ọgbà wọn. Ẹ bi wọ́n bí ẹni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yìí tẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, pàápàá bàbá mi. Ẹ sì ṣe é kíá. Ìyá mi ti ń wá ọṣẹ.