Ẹni Tó Ni Èèrà

Wọ́n ní Ìyá Aláwòrán kọ́ ló ń kọ àwọn ìwé ọmọdé tó ń gbé jáde, pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń sọ wọ́n fún un. Àwa tá a jọ ń jókòó ní ìlà kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì gbà á gbọ́ díẹ̀, a kàn fi ọ̀wọ̀ àgbà bò ó mọ́lẹ̀ ni. Irọ́ sì ni nígbà náà. Ìwé mẹ́sàn-án ló ti kọ, tó sì ya àwòrán inú wọn, kí wọ́n tó bí ọmọ ọ̀hún rárá. Ohun tó dun ìyá náà ni pé òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ irọ́ yẹn di òótọ́.

Ìwé kẹwàá ló dá a lágara. Ó yẹ kó dá lórí pẹ́ńsù kan tí kò fẹ́ kọ̀wé. Oṣù méjì gbáko, pẹ́ńsù tirẹ̀ gan-an ni kò kọ̀wé. Á tẹ́ bébà sílẹ̀, á gbẹ́ pẹ́ńsù títí yóò fi kù bí ìka ọmọ ọwọ́, á wá dìde lọ gbá ilẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí Olúwa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òun.

Ìdí irun ló ti máa ń dán ìtàn wò. Á ki orí Kékeré, ọmọ ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, sáàárín itan, á máa sọ ìtàn bó ṣe ń dirun. Ibi tí ọmọ bá ti gbàgbé pé orí ń dun òun, ibẹ̀ ló dáa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó di ìlà mẹ́rin láìsọ nǹkan kan.

"Mọ́mì àgbà, ìtàn dà?"

"Ìtàn ti tán nílé."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ̀rù ló ń ba pẹ́ńsù, torí bébà mọ́ jù. Èèrà kan wá fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ rìn kọjá lórí ẹ̀, bébà dọ̀tí. Pẹ́ńsù wá ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ èèrà, ẹ̀rù ò bà á mọ́."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí irun. Ọlọ́run ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó gba ọ̀rọ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò rí òjíṣẹ́ tó mú un wá. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi parí ìwé.

Nígbà tí àwọn atẹ̀wé fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kó lè buwọ́ lù ú, Kékeré ló ṣí i.

"Èèrà mi rèé."

Orúkọ ara rẹ̀ nìkan lọmọ náà ti mọ̀ ọ́n kà. Ó fi ìka wá a lójú èèpo ìwé, ó wá a ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó yí ìwé padà.

"Bóyá wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn."

Ìyá Aláwòrán ní wọn ò tíì kọ ọ́ ni. Ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe gbà á yẹn ló mú kí ìyá máa wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu.

Ilẹ̀ mọ́, ó di ọ́fíìsì olóòtú ìwé rẹ̀, ọkùnrin tí ìyá kọ́ ní kíláàsì kejì nígbà tí ìyá ṣì ń ṣe tíṣà.

"Kọ orúkọ ọmọ ọmọ mi sókè tèmi."

Olóòtú rọra ti ilẹ̀kùn. "Mà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígboro? Tá a bá kọ ọ́, ẹ fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá yín nìyẹn. Wọ́n á ní òun ló kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá."

"Ìkẹwàá nìkan ni."

"Ta ló máa dúró bá yín kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ọmọdé á gbàgbé, mà. Ẹ ra súìtì fún un."

"Mo ti rà á lánàá. Ó ní ṣé torí èèrà ni."

Olóòtú fọwọ́ nu ojú. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí yín."

"Kò lè kà á. Orúkọ ẹ̀ nìkan ló lè kà."

"Mà, láìsí ìbuwọ́lù yín, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́. Bírò rèé, ẹ kàn…"

Ìyá Aláwòrán ká ẹ̀dà ìwé tó mú wá láìbuwọ́ lù ú, ó kì í sínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, ó ṣílẹ̀kùn. Olóòtú ṣì wà lórí "ẹ kàn" nígbà tí bàtà ìyá dún lórí àtẹ̀gùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀.