Ọjọ́ Tí A Lọ Ṣaájì Ọkàn Ràfátù

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí pé ìjà wo ni mo jà tó dùn mọ́ mi jù, ẹ máa ń rò pé ìyanṣẹ́lódì ilé iṣẹ́ aṣọ ni màá dárúkọ. Lóòótọ́, mo jà níbẹ̀, èmi sì ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ṣùgbọ́n ìjà tí mo fi ń yangàn kò tíì pẹ́ rárá. Ọdún tí owó epo bẹ́ntiróòlù gòkè tí kò sọ̀ mọ́ ni, tí tiransifọ́mà àdúgbò wa gbiná lọ́sàn-án gangan. Irun mi ti funfun nígbà náà, orúnkún sì ti ń dùn mí.

Àwọn oníná ní kí àwa ará àdúgbò lọ dáwó ra tuntun fúnra wa. A ní a kò rà. Bí a bá rà á tán, tiwọn ni yóò jẹ́, òun náà ni wọn yóò sì máa fi ta iná fún wa. Ẹni tó ń tajà ni í ra òṣùwọ̀n, a kì í ní kí oníbàárà gbé òṣùwọ̀n wá láti ilé.

Àwa tó kù lè fara da òkùnkùn. Ràfátù kò lè fara dà á. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ń ta léèsì àti àǹkárá ní ọjà Aswani, ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi. Ọkàn rẹ̀ ti ṣàárẹ̀ débi pé kò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́, kí àwọn àbúrò rẹ̀ tó mú un lọ sókè òkun. Níbẹ̀ ni àwọn dókítà ti fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i láyà, tó ń bá ọkàn náà ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Wáyà kan gba ikùn rẹ̀ jáde wá síbi bátìrì méjì tó máa ń gbé kọ́ èjìká nínú báàgì. Bí méjì yẹn bá ń ṣiṣẹ́, méjì mìíràn á máa gba iná. Bí gbogbo wọn bá kú, ẹ̀rọ á dúró. Ìyókù kò níí ti ẹnu mi jáde.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ní bà jẹ́. Ó wá ń gbé ṣaájà kiri, láti ìsọ̀ dé mọ́ṣáláṣí, láti mọ́ṣáláṣí dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àjàó Estate. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára bátìrì.

"Ìyá Kúdí," ó ní, "ẹ̀rù ń bà mí o."

Inú bí mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ládùúgbò, mo pè wọ́n sí ìpàdé.

Nílé iṣẹ́ aṣọ, òfin kan wà tó jẹ́ pé àwa òṣìṣẹ́ la ṣe é fúnra wa. Bí ṣíìfù bá fẹ́ yí, o kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ sílẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ gbà á yóò fi gbé ọwọ́ lé e. Bí o bá kúrò kí ó tó dé, òwú á já, aṣọ á bàjẹ́, ẹlòmíràn ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Ọwọ́ kì í kúrò lára ẹ̀rọ: bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ládùúgbò la jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a pé jọ, mo ní, "Ẹ̀rọ kan wà láàárín wa tí kò gbọdọ̀ dúró. Ta ni yóò gba ṣíìfù?"

Bàbá Ṣèyí, tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe láyé ìjọ́sí, ló kọ́kọ́ dìde. "Èmi gba tàárọ̀."

Ohun tí a pinnu kò lọ́jú pọ̀. Ọ́fíìsì àwọn oníná kì í ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni Ràfátù yóò ti máa ṣaájì bátìrì rẹ̀ lójoojúmọ́, àwa yóò sì jókòó tì í títí tiransifọ́mà yóò fi dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a rìn lọ. Tọmọdé tàgbà ló jáde. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, ọkùnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, jáde wá bá wa ní géètì.

"Màmá, ẹ ti bulọ́ọ̀kù géètì wa. Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì la fẹ́," mo ní. "Ọkàn ọmọ yìí fẹ́ gba iná."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, ẹ fẹ́ràn dírámà jù! Ta ló ń ṣaájì ọkàn?"

Ràfátù kò bínú. Ó na ọwọ́ sí i. "Ọ̀gá, ẹ di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ẹ wá ibi tó ti ń lù."

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wá a síhìn-ín, ó wá a sọ́hùn-ún. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kì í lù kì-kì-kì bí ọkàn, ṣe ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn lọ geerege bí omi ẹ̀rọ.

"Kò lù," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Màdáàmù, ṣé... ṣé ẹ wà láàyè ni?"

"Èmi wà láàyè," Ràfátù dáhùn. "Iná yín ló kú."

Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ dé Àgọ́ Palace! Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ hàn án. Bàbá Ṣèyí jókòó ti ṣaájà náà, ó gbé ọwọ́ lé e, kò sì dìde títí Ìyá Wálé, tó gba ṣíìfù ọ̀sán, fi dé tó gbé tirẹ̀ lé e. Ẹnìkan nínú ọ́fíìsì náà pe ọlọ́pàá. Obìnrin sájẹ́ǹtì tó ṣáájú wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó yíjú sí ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ̀sùn wo ni kí n kọ sílẹ̀? Pé ó ń ṣaájì ọkàn?"

Wọ́n bá tiwọn lọ. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, a kò sì pa ṣíìfù kankan jẹ. Nígbà tó yá, ọ̀gá náà á ti gbé àga síta fún wa kí a tó dé. Òun náà ló wá ń kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ lókè pé kí wọ́n fún wa ní tiransifọ́mà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù gbé tiransifọ́mà tuntun wọ àdúgbò wa. Ràfátù ló rìn ṣáájú rẹ̀, báàgì bátìrì ní èjìká, ó ń juwọ́ sí gbogbo ojúlé. Mo sunkún, ojú kò tì mí.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹ ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Èmi fojú rí i. A gba tiransifọ́mà, a kò sì dá kọ́bọ̀. Ràfátù pàdánù oníbàárà púpọ̀ lásìkò náà, àwọn kan kò padà wá mọ́. Bàbá Ṣèyí ti papò dà láti ìgbà náà. Àmọ́ ohun tó ń dùn mí jù ni Ìyá Táwà, tí ìsọ̀ òun àti Ràfátù fara kanra ní Aswani. Àìsàn ọkàn kan náà ló pa á. Òun kò ní àbúrò lókè òkun, ẹ̀rọ náà kò sì sí nítòsí níbi tí ọwọ́ irú wa lè tó o. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn ìlú yìí, a kò tíì gbà á.

Bí mo bá kọjá níwájú ìsọ̀ Ràfátù, mo máa ń di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò lù. Á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, ọwọ́ ti ń ro mí, ṣùgbọ́n n kò tíì gbé e kúrò lára ẹ̀rọ. Ṣíìfù ti fẹ́ yí. Ẹ wá gbé tiyín lé e.