Tẹ̀tẹ̀ Abẹ́ Àgbàdo

Bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni mo lóyún àkọ́bí mi, ní Yaba. Ọkọ mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ràn oko ju fáìlì lọ, gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ebè méjì jẹ́ àgbàdo tiwa, méjì yòókù jẹ́ àgbàdo dídùn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú irúgbìn rẹ̀ wá láti oko ìwádìí. Ọ̀rẹ́ yìí náà ló fún un ní oògùn apakoríko, ó ní kò ní fọwọ́ kan àgbàdo. Ọkọ mi fọ́n ọn láàárọ̀ Sátidé kan, ó wẹ̀, ó jáde. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Koríko ló fọ́n oògùn sí, ta ló ń jẹ koríko?

Ìyá rẹ̀ ti ti Iléṣà dé láti tọ́jú mi. Wọn kò lè gbọ́ ọ sétí pé kí èèyàn lọ fowó ra ẹ̀fọ́ ní ọjà Sábó nígbà tí tẹ̀tẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀ láàárín ebè. Wọ́n já a lọ́sàn-án Sátidé yẹn gan-an, wọ́n fi sebẹ̀. Ó dùn. Mo tún bù sí i, aboyún kì í tijú oúnjẹ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ewé àgbàdo dídùn ti gbẹ létí, ó ká kò. Tiwa dúró digbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ń mi orí pé oògùn náà ti mú ohun tí kò yẹ kó mú.

“Oògùn wo?” ni ìyá rẹ̀ bi í. Nígbà tó ṣàlàyé tán, wọ́n yíjú sí mi. “Tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ni mo fi sebẹ̀ fún ìyàwó.”

Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní òun kò mọ oògùn náà, ká ṣì máa wò ó. Ká máa wo kí ni? Ikùn kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń ṣí wò. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi wá, ó ní irú àgbàdo kan lè gba oògùn náà, irú mìíràn kò lè gbà á, bí a ṣe dá kálukú ni. Ó rò pé òun ń tù mí nínú. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá ti dákẹ́ nínú mi, màá lọ dúró síwájú ebè mẹ́rin yẹn, màá máa bi ara mi pé irú èwo ni mo gbé sínú.

Ìyá ọkọ mi hú àgbàdo dídùn náà dànù kí ojú mi má baà rí i mọ́. Tiwa yọmọ, ó gbó, kò sẹ́ni tó sè é.

Ọjọ́ tí mo bímọ, igbe ọmọ náà gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ìyá ọkọ mi yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹsẹ̀, wọ́n la ojú rẹ̀ wò. “Ó pé,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. “Ọwọ́ mi yìí ló já ẹ̀fọ́ yẹn.”

Ọmọ ọ̀hún ti di ọlọ́mọ báyìí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní ara rẹ̀ gbóná, ebè mẹ́rin yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rí.