Fàdákà Málọmọ́

Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó orí ní Adja-Ouèrè, bí ẹ bá dé Massè tí ẹ béèrè Ẹfúnwùmí elépo, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé rẹ̀. Epo rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ sì mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó fàdákà kan báyìí kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Owó Amẹ́ríkà ni, orí obìnrin lójú kan, ẹyẹ idì lójú kejì. Málọmọ́, bàbá bàbá rẹ̀, ló sọ pé ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan fi san owó epo fún òun. Málọmọ́ náà ló lu ihò sí i. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nílé wọn ní í gbé e kọ́rùn láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ títí yóò fi rìn, ìyá ọmọ á sì kọ́kọ́ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́.

Ògúnkọ̀yà, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó ní òjé lásán ni, irọ́ ni bàbá àwọn pa, òjé kò sì ní kan ọrùn ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹfúnwùmí lákínyẹmí ara. Ṣé òkú tí kò lè dáhùn ni èèyàn ń pè ní òpùrọ́?

Lọ́jọ́ ọjà, Àlàgbé dé láti Àjàṣẹ́. Òun ní í máa ra owó àtijọ́ fún àwọn òyìnbó tí ń kó o jọ. Ẹfúnwùmí fọ owó náà títí ó fi ń kọ mànà, ó sì mú Ògúnkọ̀yà dání kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Àlàgbé jù ú sórí òkúta, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó ka ọdún tó wà lára rẹ̀, ó wá mi orí.

“Fàdákà gidi ni, ìyá. Owó Amẹ́ríkà ni lóòótọ́, ó sì ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ká ní ẹ fi dúdú ara rẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀ ọ́, tí ẹ ò sì lu ihò sí i, ẹ̀ bá fi kọ́lé onípáànù. Àwọn tí ń kó o jọ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti fọ̀. Ìwọ̀n fàdákà rẹ̀ nìkan ni mo lè san.”

Ilé onípáànù ti wọ Ògúnkọ̀yà lójú. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ máa fọ̀ ọ́?”

“Ìyá tìrẹ gan-an fọ̀ ọ́,” ni Ẹfúnwùmí dá a lóhùn, “nígbà tí o ń rákò kiri àgbàlá pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn. Bàbá wa kò purọ́.”

Ó gba owó rẹ̀ padà. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó gba àárín ọjà kọjá, ó ń rò ó fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ti Málọmọ́ kùtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiyìtiyì ló padà sílé.

Nígbà tí àgbàdo gbó, ìyàwó Ògúnkọ̀yà bí ọkùnrin. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Ògúnkọ̀yà dúró lẹ́nu ọ̀nà Ẹfúnwùmí, ó ní òun wá gba fàdákà bàbá àwọn. Ó ti bu eérú sínú igbá, ó sì mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání.